Tábìlì fún ọ̀nà slot car nínú ilé: pákó wo, ìwọ̀n wo, báwo la ṣe máa fa iná rẹ̀?

Àrẹ̀mọ Kìnnìrá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè. Ìbéèrè kan rèé fún ẹni tó bá mọ iṣẹ́ pákó tàbí iṣẹ́ iná.

Ọ̀nà slot car Scalextric, oníwọ̀n 1:32, ló wà nílẹ̀: ègé títọ́ 12, ìlàjì ègé títọ́ 4, kọ́nà R2 16 (R1 ni kọ́nà tó há jù, R2 fẹ̀ jù ú lọ, R3 sì fẹ̀ ju R2 lọ), kọ̀ntírólà ọwọ́ 2. Fún ẹni tí kò bá tíì rí irú rẹ̀: ọkọ̀ ìṣeré oníná ni. Ó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ kan lábẹ́ imú tó ń wọ ihò tóóró ojú ọ̀nà; irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà ló ń fún un níná, ẹni tó mú kọ̀ntírólà lọ́wọ́ ló sì ń pinnu eré tó máa sá.

Orí táìlì la ń tẹ́ ẹ sí, eruku àti irun kò sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Yàrá kan ṣófo, fíìtì 10 sí 12, ìlẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀ ní fíìtì 3, ó wà láàárín ògiri kúkúrú. Mo fẹ́ gbé ọ̀nà yìí sórí tábìlì. Ṣé pláíwúùdù ½ íǹṣì tó, àbí kí n ra ¾? Ṣé kí tábìlì fara ti ògiri? Tí wọ́n bá sì mú iná lọ ńkọ́?

Káfíńtà Àpákè

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ má tíì ra pákó kankan. Ẹ kọ́kọ́ to ọ̀nà yẹn sílẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí, kí ẹ mú téèpù, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti etí dé etí. Ọ̀nà ló ń sọ bí tábìlì ṣe máa tóbi tó.

Pẹ̀lú ohun tí ẹ kà sílẹ̀, ìṣirò rẹ̀ rèé. Ègé títọ́ kan gùn ní mìlímítà 350, ó fẹ̀ ní 156. Kọ́nà R2 mẹ́rin ló ń yí ọ̀nà padà sí ibi tó ti ń bọ̀, ìyẹn sì gba nǹkan bí 896 láti etí ìta kan sí èkejì. Ṣíìtì pláíwúùdù kan jẹ́ fíìtì 8 sí 4, ìyẹn 2440 sí 1220. Ẹ fi R2 mẹ́rin sí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ègé títọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ìlàjì kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gígùn rẹ̀ á jẹ́ 2121, ohun tó máa ṣẹ́kù láàárín ọ̀nà àti etí pákó á sì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 16 yíká. Ẹ má ṣe jẹ ààyè yẹn. Ìdí ọkọ̀ máa ń fì síta ní kọ́nà. Bí kò bá ráyè fì, á máa gbá pákó etí, á sì jábọ́ kúrò nínú ihò.

Ẹ ó rí i pé kọ́nà mẹ́jọ ṣẹ́kù. Wọn ò lè yí padà nínú òbìrí yìí, torí ààyè inú rẹ̀ jẹ́ 584 péré. R1 nìkan ló lè yí níbẹ̀, òun náà á sì fara kan ọ̀nà ìta pátápátá.

Lórí pláíwúùdù: ½ íǹṣì tó, bí egungun abẹ́ rẹ̀ bá súnmọ́ra. ¾ tí egungun rẹ̀ jìnnà síra á ṣì tẹ̀ nígbà òjò, owó yín á sì ti lọ. Ẹ ra igi 2×3 onífíìtì 12. Mẹ́ta ló máa ṣe férémù láìṣòfò: ẹ gé fíìtì 8 lára méjì, ẹ̀gbẹ́ gígùn nìyẹn, fíìtì 4 tó ṣẹ́kù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan di egungun ìdábùú, ẹ pín ẹ̀kẹta sí mẹ́ta. Egungun ìdábùú márùn-ún ti pé, ọ̀kan ní fíìtì méjì-méjì. Àárín ẹ̀gbẹ́ gígùn ni wọ́n ń wọ̀, nítorí náà ẹ yọ nínípọn igi méjèèjì kúrò nínú fíìtì 4 kí ẹ tó gé wọn. Igi tí wọ́n ń pè ní 2×3 kì í pé íǹṣì méjì lóòótọ́, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín.

Ẹsẹ̀ mẹ́fà, íǹṣì 30 lọ́kọ̀ọ̀kan, gba 2×3 méjì. Ẹ fi ọ̀kan kún un fún ìdè tó máa so ẹsẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀. Mẹ́fà lápapọ̀. Bóòtù M8 onííǹṣì 4 méjì-méjì fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 12, pẹ̀lú wáṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ má kan ẹsẹ̀ ní ìṣó, torí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé tábìlì yẹn gba ẹnu ọ̀nà, ẹ ó fẹ́ tú u. Sukúrú 1½ íǹṣì nǹkan bí 60 fún ojú tábìlì, ọ̀kan ní íǹṣì mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án, kí orí wọn wọlẹ̀ sínú pákó.

Nígbà tí ẹ bá dé ìsọ̀ pákó, ẹ wo etí pláíwúùdù náà yíká. Bí ẹ bá rí ihò láàárín àwọn awẹ́ rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi ìka kan ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, gọ́ọ̀mù kò mú níbẹ̀. Ẹ gbé igi 2×3 sókè bí ìbọn, kí ẹ fi ojú kan wo gígùn rẹ̀. Èyí tó bá ti yí, ẹ má gbà á. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ayùn bọ̀ tó sì tutù lọ́wọ́, bó tilẹ̀ tọ́ lónìí, á yí nínú ilé yín.

Etí Ọ̀nà

Ẹ kú iṣẹ́, Káfíńtà. Ohun kan ṣáájú pákó o: ibi tí ọwọ́ dé.

Ọkọ̀ slot car kò lè ṣàì jábọ́. Bí kò bá jábọ́, ẹni tó ń wà á kò tíì sáré ni. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè dá a padà kí ìkejì tó yípo. Ọwọ́ àgbàlagbà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì dé nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 75 láìfi àyà lé ọ̀nà. Tábìlì yìí fẹ̀ ní 122. Bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ ti ògiri, gbogbo ojú ọ̀nà tó wà lọ́hùn-ún ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ẹ ó máa gun tábìlì, ẹ ó máa fi ìgbọ̀nwọ́ fọ́ oríkèé ọ̀nà. Oríkèé tó ti fọ́ kì í gbé iná dáadáa mọ́.

Nínú yàrá fíìtì 10 sí 12, ẹ fi ìpẹ̀kun tábìlì, èyí tó jẹ́ fíìtì 4, kọjú sí ògiri kúkúrú tí kò ní ìlẹ̀kùn. Fíìtì 3 á ṣẹ́kù lápá ọ̀tún, 3 lápá òsì, 4 ní iwájú. Ọwọ́ dé ibi gbogbo, ènìyàn méjì sì lè kọjá lára wọn.

Bí ọjọ́ iwájú ẹ bá fẹ́ ọ̀nà tó díjú, kọ́nà tó le jù, bíi R1, ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn awakọ̀ dúró sí ni kó wà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ máa ń jábọ́ jù. Kọ́nà fífẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ sọ́nà ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe é lódì, torí kọ́nà fífẹ̀ dára lójú.

Íǹṣì 30 tí Káfíńtà sọ dára fún ilé tó ní ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà nìkan ló ń ta á, ẹ gbé e dé 36, ẹ̀yìn yín á dúpẹ́.

Ọmọ Under G

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ṣé kò ní dáa kí wọ́n fi R3 sí ìta, kí R2 wà nínú? R3 máa ń jẹ́ kí eré dùn. Àbí kí wọ́n kúkú fi MDF (pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) ṣe é, kí wọ́n gbẹ́ ihò sí i, kí wọ́n má lo ọ̀nà oníke rárá? Nípa iná, ṣájà laptop 19 fóòtì pọ̀ nílé gbogbo wa.

Etí Ọ̀nà

Àbúrò, R3 láti etí sí etí gba nǹkan bí 1208. Pákó yẹn jẹ́ 1220. Mìlímítà mẹ́fà ló máa kù lápá kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ á máa já sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ R3 nílò fíìtì 5 ní fífẹ̀. Tábìlì table tennis wọ̀n jẹ́ mítà 2.74 sí 1.525, gíga rẹ̀ sẹ̀ńtímítà 76, ó fún R3 ní ààyè sẹ̀ńtímítà 16 lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nílé lè bẹ̀rẹ̀ láìra pákó rárá, àmọ́ kò ní lè lu ihò sí i, nǹkan etí rẹ̀ náà á jẹ́ èyí tó ṣeé yọ. Yàrá Àrẹ̀mọ gbà á, ṣùgbọ́n fíìtì 2½ péré ló máa kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Ẹni tó ní Carrera, irú ọ̀nà slot car mìíràn, ẹ má fi ìwọ̀n Scalextric ṣe tiyín. Tirẹ̀ fẹ̀ jù: 198 ni fífẹ̀ ọ̀nà, 345 ni ègé títọ́. Kọ́nà 1 gba 792 láti yí padà, kọ́nà 2 gba 1188. Lórí pákó fíìtì 4, kọ́nà 1 nìkan ló tọ́.

Káfíńtà Àpákè

Lórí MDF, ó ṣeé ṣe, iṣẹ́ tó rẹwà sì ni. Ihò rẹ̀ máa ń fẹ̀ ní mìlímítà 3, ó sì máa ń jìn ní 7 tàbí 8, ẹ̀rọ router ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, wọ́n á wá lẹ téèpù kọ́pà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò. Ìṣòro rẹ̀ níbí ni òjò. MDF ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń wú. Ihò mìlímítà 3 tó bá wú díẹ̀ á há mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àfi kí ẹ kun inú ihò gan-an ní sílà, ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán, kí ẹ tó lẹ kọ́pà. Bákan náà, eruku MDF burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, kí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ bo imú.

Etí Ọ̀nà

Kí n fi kún un: kọ́pà kì í fa òòfà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ 1:32 ní òòfà lábẹ́ tó ń dì mọ́ irin ojú ọ̀nà, òun ni kì í jẹ́ kó tètè jábọ́ ní kọ́nà. Lórí kọ́pà, agbára yẹn kò sí. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n wà dáadáa á fẹ́ ẹ, ọmọdé kò ní fẹ́ ẹ.

Oníná Tákìí

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n bá Ọmọ Under G sọ̀rọ̀ ṣájà laptop yẹn kí ẹnikẹ́ni tó ṣe é. 19 fóòtì ti pọ̀ jù fún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ 1:32. Ọkọ̀ á sáré bí àṣá lọ́jọ́ kìíní, ẹ́ńjìnì á máa gbóná, irun kọ́pà abẹ́ rẹ̀ tó ń gba iná lára irin ọ̀nà á máa jó. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó dandan, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń dín fóòtì kù sí àárín, oní-áḿpù 5, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n sí 12 tàbí 13 kí ẹ tó so ó mọ́ ọ̀nà.

Èyí tó dáa jù ni kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ṣájà tó bá ọ̀nà wá, kí ẹ lo òun. Bó bá ti bàjẹ́, ẹ lọ bá àwọn tó ń ta kámẹ́rà CCTV, kí ẹ ra ẹ̀rọ iná 12 fóòtì, áḿpù 5, èyí tó jẹ́ àpótí irin oníhò-oníhò. Ó ní sukúrú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ lè fi gbé e sókè díẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti ń de wáyà 220 mọ́ ọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ ṣọ́ra. Ẹ kàn án mọ́ abẹ́ tábìlì nínú àpótí pákó tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, kí ọwọ́ ọmọdé má lè dé ibẹ̀.

Ní ti ìgbà tí kò bá sí iná: bátìrì 12 fóòtì, 7Ah, irú tó ń wà nínú UPS. Ọkọ̀ méjì tó ń sáré pọ̀ kì í sábà gbà ju áḿpù kan àtààbọ̀ lọ. Bátìrì asíìdì kò sì yẹ kó lọ sílẹ̀ ju ìlàjì lọ, nítorí náà ẹ ka 3.5Ah, ìyẹn eré wákàtí méjì. Ọkọ̀ á lọ́ra díẹ̀ ju ti ṣájà rẹ̀ lọ, ìyẹn sì dára fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Ẹ GBỌ́DỌ̀ fi fíùsì áḿpù 3 sí ẹnu ẹsẹ̀ pupa bátìrì náà, kó má jìnnà sí bátìrì. Bátìrì kò mọ ìgbà tí ọkọ̀ bá jábọ́ dábùú ọ̀nà tí irin abẹ́ rẹ̀ so irin ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Á máa tú iná jáde ni títí ike ọ̀nà á fi yọ́. Ẹ má sì so ṣájà ọ̀nà mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré láìsí stabilizer.

Ó ku ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Òbìrí tí Káfíńtà ṣírò rẹ̀ ní ègé 16, oríkèé 16 náà nìyẹn. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ń jẹ díẹ̀ nínú iná. Ibi tí wáyà ti wọ̀, ọkọ̀ á sáré. Lọ́hùn-ún, níbi oríkèé kẹjọ, á máa fà bí ẹni tó rẹ̀. Àwọn èèyàn á sọ pé ọkọ̀ ti bàjẹ́. Iná ni kò dé ibẹ̀.

Ẹ gbé wáyà 1.5 gba abẹ́ tábìlì, láti ibi tí iná ti wọ̀ lọ sí òdìkejì ọ̀nà. Ọ̀nà oníwọ̀n yìí kò nílò ju ẹ̀ka kan lọ. Bí ọ̀nà bá gùn sí i, ẹ fi ẹ̀ka sí gbogbo ègé mẹ́jọ-mẹ́jọ. Irin mẹ́rin ló wà, méjì fún lénì (ipa ọkọ̀) kọ̀ọ̀kan, nítorí náà wáyà mẹ́rin, àwọ̀ mẹ́rin. Ẹ fi léèdì jó wọn mọ́ ahọ́n irin tó wà lábẹ́ ègé ọ̀nà. Kí ẹnu ẹ̀rọ ìjóléèdì gbóná dáadáa, kí ó má sì pẹ́ níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, torí ike tó di irin mú á rọ̀, irin á sì rì.

Irin ọwọ́ ọ̀tún lénì ìta gbọ́dọ̀ lọ bá irin ọwọ́ ọ̀tún lénì ìta. Bí ẹ bá ṣì í, irin méjèèjì ti gbá ara wọn nìyẹn, fíùsì á já. Má wojú wáyà lásán, Àrẹ̀mọ: ẹ tẹ̀lé ìtọ́sọ́nà tí ọkọ̀ ń sá, torí ọwọ́ ọ̀tún níbí di ọwọ́ òsì lọ́hùn-ún lójú ẹni tó dúró sójú kan. Kí ẹ tó tan iná, ẹ fi mítà wò ó, kí ọkọ̀ kankan má sí lórí ọ̀nà. Láàárín irin méjì lénì kan náà, mítà kò gbọ́dọ̀ ké. Láàárín irin ọ̀tún níbí àti irin ọ̀tún lọ́hùn-ún, ó gbọ́dọ̀ ké.

Bí lénì méjèèjì bá ń pín ẹ̀rọ iná kan, ẹ ó rí i pé bí ọkọ̀ kan bá jábọ́, èkejì á sáré lójijì, á sì jábọ́ tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ tí áḿpù rẹ̀ kéré ló ń fà á. Áḿpù 5 tán an.

Ìyá Aránṣọ Wàásò

Mo kí gbogbo yín. Ẹ má gbàgbé ohun tí ẹ máa tẹ́ sórí pákó yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ́ rọ́ọ̀gì tàbí kápẹ́ẹ̀tì. Irun rẹ̀ á máa lọ́ mọ́ ọ̀pá táyà àti eyín ẹ́ńjìnì ọkọ̀, ẹ ó máa fi abẹ́rẹ́ tú u. Ọ̀dà ojú pákó lásán ló dára. Bí ariwo bá pọ̀ (férémù òfìfo máa ń dún bí ìlù), ẹ tẹ́ fóòmù tín-ín-rín tí kò ní irun sábẹ́ ọ̀nà nìkan, kí ẹ gé rọ́bà láti ara táyà àtijọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

Aṣọ òwú ni kí ẹ fi bò ó tí ẹ bá ta á tán, bẹ́dísíìtì àtijọ́ tó mọ́. Nígbà ọyẹ́, eruku ìrọ̀lẹ́ kan tó láti dí ojú irin. Kì í ṣe ọ̀rá o: nígbà òjò, ọ̀rá á dá ooru àti omi dúró sábẹ́ rẹ̀, irin á sì dógùn-ún.

Irin tó bá ti dógùn-ún díẹ̀, ẹ fi rọ́bà ìparẹ́ tó le pa á rẹ́. Kí ẹ má fi irin ìfọkòkò kàn án láé. Ègé rẹ̀ kéékèèké á bọ́ sínú ihò, á so irin méjì pọ̀, òòfà ẹ́ńjìnì á sì fa ìyókù wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sára aṣọ, ẹ fi nu irin, kí ẹ wá fi aṣọ gbígbẹ nù ún kúrò. Epo tó bá kù lórí ọ̀nà, táyà ló máa gbé e, ọkọ̀ á sì máa yọ̀ ní kọ́nà. Táyà tó ti dọ̀tí, ẹ yí i lórí sẹ́lòtépù, ojú tó ń lẹ̀ sókè, títí kò fi ní gbé eruku mọ́.

Àrẹ̀mọ Kìnnìrá

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Ṣé kí n fi sukúrú de ègé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kó má mì? Ṣé mo lè fi ínjì kọ́ tábìlì náà mọ́ ògiri kí n lè ká a sókè tí a bá fẹ́ lo yàrá fún àlejò? Ikán wà ládùúgbò, kí ni ká ṣe?

Ọmọ Under G

Ẹ dè é mọ́lẹ̀ dáadáa, ègé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí kò mì ni iná rẹ̀ kì í já.

Etí Ọ̀nà

Rárá o, Ọmọ Under G. Ike máa ń gùn sí i nínú ooru. Yàrá tó wà lábẹ́ páánù ní oṣù kejì àti ìkẹta, ẹ mọ bó ṣe ń rí lọ́sàn-án. Bí gbogbo ègé bá ti há mọ́ pákó, kò ní ríbi gùn sí, á yọ kókó sókè ní oríkèé, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á sì máa kọlù ú. Ẹ de ègé kan ní àárín ẹ̀gbẹ́ títọ́ kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ méjì lápapọ̀. Ìyókù, ẹ kan sukúrú kékeré oníwáṣà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí wáṣà kàn tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́, kó lè rìn sọ́tùn-ún sósì. Ègé tí ẹ jó wáyà mọ́, ẹ lu ihò abẹ́ rẹ̀ kó fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà kan, kí wáyà má fà á.

Ẹ yẹ ìdọ́gba wò náà. Bí lẹ́fẹ́lì kò bá sí, rọ́bà omi tí àwọn bíríkìlà ń lò tó. Tábìlì tó bá rọ̀ sápá kan á jẹ́ kí kọ́nà kan rọrùn, kí èkejì máa ju ọkọ̀ nù.

Àti pé lénì ìta gùn ju ti inú lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 49 ní ìyípo kan. Fún ìdíje, ẹ jẹ́ kí àwọn awakọ̀ pààrọ̀ lénì, kí ẹ sì ro iye àkókò méjèèjì pọ̀.

Káfíńtà Àpákè

Lórí ínjì: tábìlì yìí, pákó àti férémù pọ̀, lè tó kílò 40. Ògiri búlọ́ọ̀kù ní ihò nínú. Rọ́bà sukúrú tó bá bọ́ sínú ihò yẹn kò di nǹkan kan mú. Ẹ kọ́kọ́ de igi 2×4 mọ́ ògiri ní ìdábùú, kí bóòtù rẹ̀ wọ òpó kọnkéré tàbí líntẹ̀lì, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù lásán, kí ẹ wá kan ínjì mọ́ igi yẹn. Ìpẹ̀kun fíìtì 4 ni ẹ ó fi ínjì sí, bí Etí Ọ̀nà ṣe ní kí ẹ tò ó. Tí ẹ bá sì gbé e sókè, fíìtì 8 ni gíga rẹ̀ pẹ̀lú íǹṣì 30 tó ti wà nílẹ̀. Ẹ wọ̀n sílìn yín: ó máa fẹ́ ju fíìtì 10½ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé kò ní i. Èmi á ní kí ẹ gé tábìlì sí méjì, fíìtì 4 sí 4, kí ẹ fi bóòtù mẹ́ta so àárín pọ̀, kí igi ìdábùú jẹ́ méjì níbẹ̀ àti ẹsẹ̀ mẹ́jọ dípò mẹ́fà. Ìyẹn á gba igi 2×3 kan sí i. Ìlà tí wọ́n ti pàdé gbọ́dọ̀ bọ́ sábẹ́ ègé títọ́, kó má bọ́ sábẹ́ kọ́nà, kí ẹ lè yọ ọ̀nà sí méjì láìfọ́ ọ.

Ikán: ẹ kun Solignum sára igi férémù àti ẹsẹ̀, pàápàá ẹnu ibi tí ayùn gé, kí ó gbẹ níta fún ọjọ́ méjì kó tó wọ ilé. Ẹ gbé tábìlì jìnnà sí ògiri ní íǹṣì méjì, torí ara ògiri ni ikán máa ń gbà gòkè, ẹ kò sì ní tètè rí i bí tábìlì bá fara tì í.

Ní ti ọ̀dà, ojú méjèèjì pláíwúùdù àti gbogbo etí rẹ̀ ni kí ẹ kùn. Bó bá jẹ́ òkè nìkan, ìsàlẹ̀ á máa mu omi inú afẹ́fẹ́, òkè kò ní mu ún, pákó á sì tẹ̀ bí abọ́. Sílà lẹ́ẹ̀kan, séńdípépà 180, ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dà tí kò dán ló dára, ojú kì í rẹ ẹni tó ń wò ó. Etí tábìlì, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ onííǹṣì mẹ́rin yí i ká, kó yọ sókè ju ojú tábìlì ní íǹṣì mẹ́ta. Ọkọ̀ tó bá já sórí táìlì láti íǹṣì 30, ẹsẹ̀ abẹ́ imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣẹ́.

Àrẹ̀mọ Kìnnìrá

Ó yé mi. Sílìn wa kò tó, nítorí náà tábìlì alápá méjì ni. Mò ń lọ ra: pláíwúùdù ½ kan, 2×3 méje, bóòtù 19, sukúrú 70, Solignum, sílà àti ọ̀dà. Màá kùn ún tán, màá wá to ọ̀nà lé e kí n lu ihò wáyà.

Oníná Tákìí

Ẹ yí ìyẹn padà. Ẹ to ọ̀nà lé pákó kó tó rí ọ̀dà, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí i ká, ẹ sàmì sí ibi wáyà, ẹ lu ihò, kí ẹ wá kó ọ̀nà kúrò. Nígbà náà ni kí ẹ kùn ún, kí ọ̀dà wọ inú ihò náà. Ihò tí ẹ bá lu lẹ́yìn ọ̀dà, ibẹ̀ ni omi á máa gbà wọ pákó. Kí ẹ sì lu ti wáyà kọ̀ntírólà ní ẹ̀gbẹ́ gígùn kan náà, kí awakọ̀ méjèèjì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Káfíńtà Àpákè

Bóòtù 19 yẹn pé: 16 fún ẹsẹ̀ mẹ́jọ, 3 fún àárín. Ṣùgbọ́n wáṣà 38 ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe 19.